Ajá Tó Gbé Ẹran Lẹ́nu Tí Kò Jẹ Ẹ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kí ló ń gbé ẹran sẹ́nu tí kì í gbé e mì?

Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n? Ẹ fara balẹ̀. Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, kò bà sórí àjà, kò bà sórí àkìtàn, ó bà lé Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti Ajá ọmọ òrukàn lórí.

Láyé ìgbà náà, Ajá kò ní ilé. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ojú rẹ̀ ò tíì là dáadáa. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí ló ń sùn, kò sì sẹ́ni tó ń wá a. Ẹ̀yin ọmọ, ebi ń pa á o, àmọ́ àìrí ẹni pè é ló ń dùn ún jù.

Ìjàpá náà dá wà. Olè jíjà rẹ̀ ti sú Yánníbo, ó ti kẹ́rù lọ sílé baba rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ìjàpá rí Ajá lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

"Ajá, ṣé o fẹ́ ilé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ o."

"Ohun tí mo bá jù, máa bá mi gbé e wá. Má jẹ ẹ́ o. Bí o bá gbé e dé, màá pè ọ́ lọ́mọ mi."

Ó ju ṣùkù àgbàdo. Ajá sáré gbé e wá.

"O káre, ọmọ mi!"

Ara Ajá yá gágá. Ìjàpá ju eegun, Ajá gbé e wá. Nígbà tó yá, Ìjàpá ò ju nǹkan kan mọ́, ẹnu ló fi ń júwe: "Lọ sí abà Baba Ọdẹ́jọbí, bàbá ọdẹ yẹn. Ọ̀yà tí wọ́n yan wà lẹ́bàá iná." Á wá gbé orin sẹ́nu:

Ajá o, gbé e wá,
Tẹrẹ̀rẹ̀.
Má tọ́ ọ wò lọ́nà,
Tẹrẹ̀rẹ̀.
Baba rẹ ń retí rẹ,
Tẹrẹ̀rẹ̀.

Itọ́ á kún ẹnu Ajá, á máa ro tótó, kò ní jẹ. Ìjàpá nìkan ló ń jẹ ẹran. Eegun pàápàá, ó ń fọ́ ọ jẹ. Ajá á jókòó, á máa retí "o káre". Ẹ má dá a lẹ́bi. Ẹni tí kò ní baba, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é lọ́mọ ni baba rẹ̀.

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Baba Ọdẹ́jọbí tọ ipa ẹsẹ̀ Ajá dé ẹnu ọ̀nà Ìjàpá. Ìjàpá gbúròó rẹ̀, ó yára ju itan ọ̀yà tó kù sínú igbó.

"Ìjàpá, ẹran mi dà?"

"Ẹran kẹ̀, Baba? Ẹ̀fọ́ ni mò ń jẹ láti ìjẹta."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Ajá fi gbé itan ọ̀yà dé, ó gbé e sí Ìjàpá lẹ́sẹ̀, ó ń ju ìrù. Ìjàpá tún jù ú jìnnà. Ajá tún gbé e dé.

"Má gbé e wá mọ́!"

Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn? Gbígbé wá ni Ìjàpá kọ́ ọ, kò kọ́ ọ ní fífi sílẹ̀. Ìjàpá bá figbe ta: "Baba, olè ni ajá yìí! Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ta ló máa fi irú eléyìí ṣe ọmọ?"

Ìrù Ajá dúró. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ẹgba lọ. Ó wo ojú Ìjàpá, Ìjàpá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ajá rọra gbé ẹran náà, ó gbé e síwájú Baba Ọdẹ́jọbí, ó sì jókòó.

Ọdún kẹta rèé tí ìyàwó bàbá náà ti kú, tó ń dá jẹun ní abà. Ó yẹ itan ọ̀yà náà wò yíká, kò rí ibi tí Ajá ti gé e jẹ.

"O gbé e láti abà mi débí, o ò tọ́ ọ wò?"

"Wọ́n ní kí n má jẹ ẹ́, Baba."

Bàbá fọwọ́ pa á lórí. "O káre. Ó yá, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ìjàpá ní tirẹ̀, pàṣán ló jẹ lọ́jọ́ náà. Ó wọ́ wọ inú igbó lọ, ó sì ń dá wà níbẹ̀ dòní. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, òun nìkan lẹ máa bá.

Ìdí nìyẹn tí ajá ọdẹ fi ń gbé ẹran wá fún olówó rẹ̀ láìjẹ ẹ́, tí á sì jókòó, á máa wò ó lójú. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń tọrọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lájá nílé, ẹ má kàn gba nǹkan lẹ́nu rẹ̀ kẹ́ ẹ yíjú padà. Ẹ pè é lórúkọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé, "O káre."

Ibi tí àlọ́ mi sùn sí rèé. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ìjàpá, kí agogo ẹnu mi yadi. Bí mi ò bá parọ́, kó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta: pó, pó, pó!