Ọmọlanke Òkété àti Ọkọ̀ Ìbejì

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi já wálẹ̀ gbì, ó bà lé Òkété lórí, ó sì kan Ẹfọ̀n lẹ́sẹ̀.

Ní ìgbà kan rí, ìyàn mú ní ìlú àwọn ẹranko. Kò sí ẹja létí omi mọ́, àfi láàárín ọ̀sà, níbi tí ìgbì ti ń dojú ọkọ̀ kékeré dé. Ni Akàn, àgbà tó mọ ọkọ̀ í gbẹ́, bá fi ọdún méjì gbẹ́ ọkọ̀ ńlá kan. Ọkọ̀ méjì ni, ó fi igi dè wọ́n pọ̀ bí ìbejì, ó ta ìgbòkun sáàárín wọn. Ìgbì kankan kò lè dojú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé.

Ṣùgbọ́n inú igbó ló ti gbẹ́ ẹ. Báwo ni yóò ṣe dé omi? Òkété ní ọmọlanke àlòkù kan nílé, èyí tó fi ń kó ọkọ̀ kékeré. Ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Màá fẹ̀ ẹ́, màá sì fà á gùn. Ẹ ṣáà wá igi apá mẹ́ta fún mi tí màá fi so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀.”

Ẹfọ̀n wọ igbó, ó fi ọrùn wọ́ igi apá mẹ́ta wá. Igi náà le bí irin. Òkété fọwọ́ pa á, ọkàn rẹ̀ fà sí i. “Bí mo bá fi èyí kọ́ àká,” ó ń sọ nínú ara rẹ̀, “ikán ò ní í lè jẹ ẹ́ láéláé. Ta ni yóò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọmọlanke?” Ó ki igi apá bọ abẹ́ ibùsùn. Ó gé ẹ̀ka àràbà gbígbẹ, ó fi èédú kùn ún títí ó fi dúdú, ó sì fi so ẹsẹ̀ ọmọlanke méjèèjì pọ̀.

Akàn wá wò ó. “Òkété, ṣé yóò gbà á? Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mi ò lè gbẹ́ òmíràn mọ́.”

“Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí á gbé òkè.”

Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, Ẹfọ̀n fi okùn sọ́rùn, ó ń fà, àwọn yòókù ń tì. Òkété ló ń lé orin:

Ọkọ̀ ìbejì ń relé omi,
*Rọra o, rọra.*
Ebi ìlú ń relé rẹ̀,
*Rọra o, rọra.*

Wọ́n dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kẹ́! Igi dá. Ẹsẹ̀ ọmọlanke kan yí wọ inú igbó. Ọkọ̀ ṣubú lu àpáta, ọ̀kan nínú ìbejì là sí méjì.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tó wà lára àwọn tó ń tì í, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ẹfọ̀n ló sáré jù.”

Ẹfọ̀n kò sáré. Síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Akàn. “Bàbá, ẹ forí jì mí. Bóyá agbára mi ló pọ̀ jù.”

Ọ̀rọ̀ dé orí ahọ́n Òkété, ó gbé e mì.

Akàn ní kí wọ́n wá igi, kí wọ́n fi gbé ọkọ̀ tó kù. Àwẹ̀ró, ìyàwó Òkété, tó gbé omi mímu wá, dáhùn pé, “Igi apá mẹ́ta tó ṣẹ́kù wà lábẹ́ ibùsùn wa. Ẹ jẹ́ n lọ gbé e wá.”

Òkété ṣẹ́jú sí i. Obìnrin náà rò pé eruku ló kó sí i lójú. “Baálé mi, ẹ gba omi kí ẹ fi ṣanjú.”

Ẹfọ̀n rọra dìde. “Mẹ́ta ni mo gbé wá. Mẹ́ta náà ló ṣẹ́kù?” Ó tẹ igi tó dá mọ́lẹ̀. Ó rún wómúwómú, inú rẹ̀ funfun.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sorí kọ́ níwájú Ẹfọ̀n. Akàn ń fọwọ́ tọ ojú ibi tí ọkọ̀ ti là, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Òkété, o ò ṣe tọrọ ẹ̀? Ǹ bá fún ọ.”

Àwẹ̀ró sọ igbá omi kalẹ̀, ó fi aṣọ bojú, ó ṣíwájú lọ sílé. Òkété kò lè tẹ̀ lé e. Ibi tó dúró sí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbẹ́ ihò, ó sì wọ inú rẹ̀ lọ.

Ìlú pawọ́ pọ̀ tún ọkọ̀ náà ṣe, ebi sì nà wọ́n kí ó tó parí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pẹja bọ̀, Ẹfọ̀n gbé ìpín Òkété wá sẹ́nu ihò. Òkété gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò jáde títí Ẹfọ̀n fi lọ.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e síwájú yín lọ́mọdé lágbà: ojúkòkòrò máa ń ba ti gbogbo ìlú jẹ́. Ẹni tó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀, kò ní í rójú gba oúnjẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún.