Onígbàjámọ̀ Tó Kọ Iṣẹ́ Òtẹ́ẹ̀lì

Ọkùnrin onígbàjámọ̀ kan wà ní ìlú kan tí ahọ́n àwọn ará ibẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ránṣẹ́ pè é láti ọ̀nà jíjìn pé kó wá máa gé irun àwọn àlejò wọn. Owó oṣù ń bẹ, yàrá ń bẹ. Ó rò ó títí, ó ní òun kò lọ. Ìyàwó òun wà nínú oyún, àwọn oníbàárà òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ.

Àmọ́ bó ṣe kọ iṣẹ́ tán ni oorun kọ òun náà. Gbogbo orí tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́ ló ń bi léèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣe é re?"

Onígbèsè ní, "Háà! O ti ba ayé ara rẹ jẹ́."

Ọ̀lẹ ní, "O ṣe é re jàre, ta ló ń wá wàhálà?"

Pásítọ̀ ní kó lọ gbààwẹ̀ kó tó dá òtẹ́ẹ̀lì lóhùn, bẹ́ẹ̀ ó ti dá wọn lóhùn tipẹ́. Bí ọkọ̀ bá dún lójú títì, onígbàjámọ̀ á sáré yọjú, bóyá àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì ló padà wá bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan tí yóò joyè lọ́jọ́ kejì wá fárí. Apá ọ̀tún ni onígbàjámọ̀ fá tán tí ọkọ̀ dún. Ó bọ́ síta, ó ń bi awakọ̀ bóyá òtẹ́ẹ̀lì ti rí ẹlòmíì. Bàbá retí rẹ̀ títí, ó dé fìlà, ó dìde.

Onígbàjámọ̀ sáré wọlé, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ó ku apá òsì!"

"Èmi mọ̀. Ìwọ ni o ò mọ̀. Iṣẹ́ tí o kọ̀ lò ń ṣe látàárọ̀, wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún ọ. Ìdajì iṣẹ́ tí o yàn ló wà lórí mi yìí."

Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn tó wà ní òdìkejì títì ni bàbá ti lọ fá ìyókù. Àwọn oníbàárà yòókù sì tẹ̀ lé e.

Ìwọ télọ̀ tó jókòó síwájú mi yìí, tí o kọ iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ, tí o wá ń bi gbogbo àdúgbò léèrè: mi ò mọ̀ bóyá o ṣe é re. Àwọn tí ò ń bi kò mọ̀ pẹ̀lú, ẹnu ló ń yún wọn. Àyà rẹ á máa já fúngbà díẹ̀. Kò sóògùn rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé aṣọ wá fún ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti dé sẹ́nu ọ̀nà. Dìde. Fi àyà tó ń já yẹn rán aṣọ rẹ̀.