Bọ́ọ̀lù Tí Akoto Gbà

Akoto orí ni Akínrẹ̀mí fi gba bọ́ọ̀lù ìkẹyìn rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fọwọ́ hán bọ́ọ̀lù. Kóòṣì ti kìlọ̀ pé bí ẹyọ kan bá tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ńṣì àwọn tí kì í gbá ló kù fún un. Bọ́ọ̀lù ń bọ̀ lókè nígbà tó rí Láníyọnu, ọmọ ìlú rẹ̀, nínú ẹgbẹ́ alátakò.

Ó yíjú sí i. "Ìwọ lo dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́sẹ̀ lọ́dún tó kọjá!"

Bọ́ọ̀lù gbá a lórí, ó ta. Láníyọnu hán an. "O ṣeun, àbúrò. Bá mi kí ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tí bàbá Akínrẹ̀mí gbọ́, ó pè é lórí fóònù: "Bí ọwọ́ ò bá tíì tẹ èkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni."

"Mo ti bèèrè, Bàbá."

"Ó sì ti dá ọ lóhùn."

Orí bẹ́ńṣì ni Akínrẹ̀mí wà títí dòní.