Ihò Tí A Kì Í Wọ̀ Láì Kágò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ fún mi ní etí yín, ẹ fi ẹnu yín pamọ́. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́rìndé. Baba mi fi ọwọ́ òsì yìnbọn pa ẹfọ̀n, kò gbé ẹ̀kọ ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀. Èmi ò tó o; ẹ̀kọ tèmi máa ń jábọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú igbó Àpáta-ń-mí, ajá mi, Ẹ̀dá-ò-láròpin, lé òkété wọ ihò àpáta kan, kò sì jáde mọ́. Ajá yìí ló ń bọ́ ilé mi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ìbọn mi lọ. Mo tan ògùṣọ̀, mo tẹ̀ lé e.

Àdán tó tóbi tó òbúkọ sorí kodò níbẹ̀, erè olórí méjì ń bá ara rẹ̀ jiyàn, ẹlẹ́sẹ̀ kan ń wá bàtà kejì, iwin tí ẹnu rẹ̀ wà níkùn ń jẹ̀bà láì gbọ́wọ́ sókè, Olójú-mẹ́rìndínlógún, baálé wọn, sì fi ojú mẹ́rin sùn, ó fi méjìlá wò mí. Ó ti so ajá mi mọ́ òkúta.

Ó ní, “Ajá wọlé, kò kágò. Olówó ajá wọlé, kò kágò. Ilé baba ta nìyí?”

Mo ní, “Ihò lásán lò ń pè nílé? Pẹ̀lú gbogbo ojú rẹ, o ò rí i pé kò nílẹ̀kùn?”

“Ẹnu àlejò ni ilẹ̀kùn rẹ̀. Àlejò la máa ń fún lóúnjẹ. Ohun tó bá já wọlé, a máa ń jẹ ẹ́ ni. Ajá yìí la ó fi bẹ̀rẹ̀.”

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ojú mẹ́rìndínlógún ni, ọta kan ṣoṣo ni mo ní. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tí ì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Mo jáde padà sẹ́nu ihò, mo ṣí fìlà, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Àgò onílé o.”

Inú wọn ò dùn, ṣùgbọ́n wọ́n dáhùn: “Àgò yà.”

Ẹni tí a bá ti dá lóhùn bẹ́ẹ̀ ti di àlejò, a kì í sì í jẹ ẹrù àlejò. Wọ́n fún mi lómi, wọ́n bi mí ní ohun tí mo bá wá. Mo ní ajá mi ni. Baálé wọn tú u sílẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀ létí fún ìgbà pípẹ́.

Mo wọ̀lú bí akọni. Ìyàwó mi wo àpò mi, ó ní, “Bàbá Ọdẹ́dìran, ẹran dà?” Mo ní ajá wà láàyè. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, Ẹ̀dá-ò-láròpin kì í wọ ihò kankan láì dúró lẹ́nu ọ̀nà kó gbó lẹ́ẹ̀mẹta. Kó tó gbó tán, òkété ti gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ọdún kẹfà rèé tí a ń jẹ ilá láìsí ẹran.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa kágò níbikíbi tí ẹ bá dé. Ṣùgbọ́n bí ajá yín bá ti kọ́ ìwà, ẹ tètè lọ dá oko ẹ̀gẹ́. Èmi ti dá tèmi.