Àkànjí àti Ẹṣin Tí Kò Mọ Ìdúró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tó wà lẹ́yìn, n ò gbọ́ yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gun ẹṣin, ó yí pápá po, kò rí ibi tí yóò balẹ̀ sí, àfi ẹ̀yìn ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àkànjí. Ẹ sún mọ́ ìhín. Orin wà nínú rẹ̀, n kò sì ní dá nìkan kọ ọ́.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà létí ọ̀dàn tí wọ́n ń pè ní Ọ̀dàn-Ayọ̀. Koríko pọ̀ níbẹ̀, igi kò pọ̀. Ẹṣin ni wọ́n fi ń lọ oko. Ẹṣin ni wọ́n fi ń lọ ọjà. Ẹṣin ni wọ́n fi ń lọ kí ara wọn. Ọmọ ibẹ̀ a ti mọ bí wọ́n ṣe ń di ẹṣin ní gàárì kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ṣòkòtò.

Àkànjí ní ẹṣin kan tó ń jẹ́ Ilélàbọ̀. Ẹṣin náà pupa, ara rẹ̀ ń dán, eré sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Bó bá gbé ènìyàn méjì, kì í mí gúlegúle. Ìwà kan tún wà lára rẹ̀. Bó bá rí àgbàlagbà lọ́nà, yóò rọra, yóò dúró, yóò tẹrí ba, kí olówó rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ kí ẹni náà. Àkànjí fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré.

Ìdí ni pé ní Ọ̀dàn-Ayọ̀, a kì í kí àgbà lórí ẹṣin. Tó bá wá jẹ́ àna ẹni, ọ̀rọ̀ di méjì. Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ wọn sọ́nà, ibi yòówù tó bá ti rí wọn ni yóò ti dọ̀bálẹ̀, ì báà jẹ́ nínú ẹrẹ̀, ì báà jẹ́ lórí ẹ̀gún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín nínú yín, a ó rí i lọ́jọ́ tirẹ̀.

Àkànjí sì ń fẹ́ Àwẹ̀ró sọ́nà, ọmọ Baba Ọ̀jẹ́níyì. Ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú. Ìdána wọn kù sí dẹ̀dẹ̀.

Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dá, àwọn ará ìlú a máa fi ẹṣin sáré ní pápá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń yí i po. Àwọn àgbà a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ọdán, wọn a máa wòran. Ẹni tó bá borí a gba fìlà pupa, a sì máa dé e kiri títí ọdún yóò fi yí po. Bí eré bá ṣì ń lọ, kò sẹ́ni tó ń retí ìkíni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọn ìwo ìparí, eré ti tán nìyẹn, àṣà ìlú ti padà sáyè rẹ̀.

Lọ́dún kan, Ilélàbọ̀ ló wà níwájú gbogbo ẹṣin. Ó dé iwájú igi ọdán. Ó rí àwọn àgbà. Ló bá rọra. Ló bá dúró. Ló bá tẹrí ba. Ẹṣin mìíràn kọjá lára rẹ̀ fìrì. Gbogbo pápá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun Àkànjí dé akínyẹmí ara, kò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí eré ọdún kejì ń sún mọ́lé, Sùnmọ́nù ẹlẹ́ṣin ti òkè odò dé. Ó fa ẹṣin dúdú kan lọ́wọ́ tó ń jẹ́ Ìjì. Ìjì rí tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Orí pápá ni wọ́n bí i sí, orí pápá ló dàgbà sí. Gàárì rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Àkànjí rí i, ọkàn rẹ̀ fà sí i.

Ó ní, "Mo fẹ́ fi Ilélàbọ̀ pààrọ̀ rẹ̀."

Sùnmọ́nù ní, "Má kánjú. Gùn ún títí di ọjọ́ eré. Bí eré bá tán, kí o sọ èyí tí o mú fún mi. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ẹṣin yìí mọ eré, kò mọ ìdúró. Bó bá sá tán, èmi ni mo máa ń gbé igbá ọkà bàbà..."

Àkànjí kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. "Ta ló ń ra ẹṣin nítorí ìdúró?"

Sùnmọ́nù na ìjánu Ìjì sí i.

Àkànjí lọ bá Ilélàbọ̀ níbi tó ti ń jẹko.

"Ilélàbọ̀, mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ."

"Ìwọ lo ni mí. Kí ni mo ṣe?"

"O dúró lórí pápá."

"Àwọn àgbà ni mo kí. Ìwọ lo kọ́ mi."

Àkànjí yí ẹ̀yìn sí i. Ó lọ bá Ìjì.

"Ìjì, ṣé wàá gbé mi borí?"

"N óò gbé ọ borí."

"Ṣé wàá gbé mi lọ sọ́jà?"

"Kí ló ń jẹ́ ọjà?"

"Ṣé wàá gbé mi lọ sílé àna mi?"

"Ṣé ilé náà yí po bíi pápá?"

Àkànjí rò pé ẹṣin náà ń ṣe àwàdà ni. Ó fà á lọ han Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró yí ẹṣin ká, ó fọwọ́ kan gọ̀gọ̀ rẹ̀.

"Ó rẹwà o. Níbo ni èmi máa jókòó sí?"

"A ó wá nǹkan ṣe sí i."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ẹ sáà rántí pé bàbá mi máa wà lábẹ́ igi ọdán lọ́jọ́ náà. Wọn kì í gbàgbé nǹkan."

Ọjọ́ eré pé. Sùnmọ́nù fa Ilélàbọ̀ lọ mumi ní odò. Àkànjí gun Ìjì. Wọ́n fọn ìwo, àwọn ẹṣin bẹ́ síta. Ṣé ẹ ti rí ẹṣin tó ń sá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni Ìjì sá. Ó yí pápá po lẹ́ẹ̀kíní, ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì, eruku rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí. Ó yí i po lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti borí. Inú Àkànjí dùn, ó dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ayọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe ayọ̀ kékeré.

Wọ́n fọn ìwo. Eré tán. Gbogbo ẹṣin yòókù dúró, àwọn ẹlẹ́ṣin wọn sọ̀ kalẹ̀. Olórí pápá gbé fìlà pupa dání, ó ń retí. Òfin pápá ni pé ẹni tó borí gbọ́dọ̀ wà lórí ẹṣin títí ẹṣin yóò fi dúró. Bó bá kúrò lẹ́yìn ẹṣin ṣáájú, fìlà di ti ẹni tó ṣe ìkejì.

Àkànjí fa ìjánu. Ìjì kò dúró.

"Ìjì, dúró."

"Kí ló ń jẹ́ dúró?"

Wọ́n ń bọ̀ níwájú igi ọdán. Baba Ọ̀jẹ́níyì àti ìyàwó rẹ̀ jókòó lórí ẹní, wọ́n ń retí kí ọkọ ọmọ wọn wá dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀rù ba Àkànjí. Ló bá forin sẹ́nu. Ẹ gbè é o, "Kìtìpà, kìtìpà":

*Ìjì ọmọ afẹ́fẹ́,*
Kìtìpà, kìtìpà.
*Àna mi mà ló jókòó,*
Kìtìpà, kìtìpà.
*Jẹ́ n sọ̀, kí n dọ̀bálẹ̀,*
Kìtìpà, kìtìpà.
*A kì í kí àna lórí ẹṣin,*
Kìtìpà, kìtìpà, eré ló mọ̀.

Ìjì kọjá wàì. Àkànjí juwọ́, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Ẹ ò rí nǹkan? Ó juwọ́ sí àna rẹ̀ láti orí ẹṣin. Baba Ọ̀jẹ́níyì nu eruku lójú.

Ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ṣé ọmọ yẹn kò rí wa ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó rí wa."

Ìjì tún yí po. Àkànjí tún kọrin. Ìwọ tó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn, gbè é:

*Ìjì ọmọ afẹ́fẹ́,*
Kìtìpà, kìtìpà.
*Àna mi ti bojú jẹ́,*
Kìtìpà, kìtìpà.
*Jẹ́ n sọ̀, kí n dọ̀bálẹ̀,*
Kìtìpà, kìtìpà, eré ló mọ̀.

Ìjì tún kọjá. Lọ́tẹ̀ yìí, Àkànjí kò lè gbójú sókè. Baba Ọ̀jẹ́níyì dìde, ó gbọn agbádá rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ká ẹní."

Ẹ gbọ́ o, ní ìlú yẹn, bí àna bá ká ẹní rẹ̀ láìgba ìkíni, ìyàwó ti bọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀bẹ̀ sí i. Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀, ó mú etí ẹní, ó ń sunkún, ó ń ká a.

Ìjì yí po lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Àkànjí mọ̀ ọ́n lára pé bí òun bá fara dà á díẹ̀ sí i, ẹṣin yóò dúró, fìlà pupa yóò sì di ti òun. Ó wo iwájú, ó rí fìlà lọ́wọ́ olórí pápá. Ó wo ẹ̀gbẹ́, ó rí ẹní tó ti ká dé ìdajì. Kò kọrin mọ́. Ó yọ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi ìjánu sílẹ̀, ó bẹ́.

Ó fi èjìká balẹ̀ gbì. Ó yí gbirigbiri dé abẹ́ igi. Ó kó ara rẹ̀ jọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, eruku kún ẹnu rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, bàbá mi. Ẹ kú ìjókòó, ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ó pẹ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀."

Olórí pápá ti gbé fìlà lé ẹlòmíràn lórí. Baba Ọ̀jẹ́níyì wo fìlà náà, ó wo ọmọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"O mọ̀ pé fìlà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀, bàbá."

"Ṣé ó dùn ọ́?"

"Ó dùn mí, bàbá. Ó dùn mí gan-an."

Bàbá náà mi orí. Ìbá jẹ́ pé Àkànjí ní kò dun òun ni, bóyá ni ìbá gbà á gbọ́.

Ó ní, "Ẹ tẹ́ ẹní náà padà. Ìwọ, dìde. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin kí mi, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó já bọ́ kí mi." Ẹ̀rín sì pa á.

Sùnmọ́nù fa Ilélàbọ̀ ti odò dé. Ó gbé igbá ọkà bàbà dání, ó dúró lójú ọ̀nà Ìjì. Ìjì rí igbá, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Sùnmọ́nù kò sọ pé, "Ṣebí mo sọ fún ọ." Ènìyàn gidi ni. Ó kàn bèèrè pé, "Èwo lo mú?"

Àkànjí wo Ìjì títí. Ó fọwọ́ nù ún lọ́rùn.

"Kò sí irú rẹ̀. Bó bá jẹ́ orí pápá ni mo ń gbé, òun ni mo máa mú. Àárín ìlú ni mo ń gbé. Ẹ fún mi ní Ilélàbọ̀."

Èjìká rẹ̀ kò jẹ́ kó lè dá gun ẹṣin. Baba Ọ̀jẹ́níyì ní kí Àwẹ̀ró gùn ún pẹ̀lú rẹ̀, kó dì í mú délé. Gàárì gba àwọn méjèèjì, wọ́n sì rọra ń lọ.

Ẹ̀kọ́ tí ààlọ́ yìí kọ́ wa ni pé kí a tó fi ohun tó ń bá wa gbé pààrọ̀ èyí tó yá jù ú lọ, kí a kọ́kọ́ ro ibi tó ń gbé wa lọ. Eré pápá, ọjọ́ kan ni nínú ọdún. Gbogbo ọjọ́ tó kù, iwájú ilé àwọn ènìyàn wa la ń gbà kọjá.

Ibi tí ààlọ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin nìyí.