Ìtẹ́ Tí Olongo Bá Àdàbà Hun

Àlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ.
Àlọ̀ o.

Àlọ́ mi fò fìrì, ó bà sórí ọ̀pẹ, ó bá Ìyá Ẹ̀gà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹyẹ ní ìtẹ́ híhun, àti Olongo tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

Olongo ò ní sùúrù. Bí imọ̀ ọ̀pẹ bá ti lọ́ mọ́ Àdàbà kékeré lẹ́nu, á gbà á, á bá a hun ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ìyá Ẹ̀gà kọrin sí i. Ẹ bá mi gbè é:

Olongo, dá a padà,
Jẹ́ ó hun ún.
Bó wọ́, bó tọ́,
Jẹ́ ó hun ún.

Kò gbọ́. Lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn, ìtẹ́ Àdàbà ló dára jù. Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, hun díẹ̀ kí n rí i." Àdàbà mú imọ̀, ó dúró, ó sì nà án sí Olongo.

Gbogbo ojú yí sí Olongo. Kò mọ ibi tí yóò fi orí sí.

Nígbà tí wọ́n túká, ó ní, "Ìyá, mo dójú tì yín."

Ìyá Ẹ̀gà ní, "Wo ìtẹ́ ìsàlẹ̀ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àkọ́kọ́ ló ń gbébẹ̀. Ó ti bímọ, síbẹ̀ èmi ni mo ṣì ń bá a hun ún lọ́dọọdún. Ojú ń ti èmi, ojú ń ti òun, a ò lè wojú ara wa."

Láti ọjọ́ náà, bí imọ̀ bá lọ́ mọ́ Àdàbà lẹ́nu, Olongo á ki ẹnu tirẹ̀ bọ abẹ́ ìyẹ́, á jẹ́ kó hun ún.

Ẹ̀yin náà ẹ lọ wo ìtẹ́ àdàbà. Ó rí jágajàga títí dòní, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló hun ún. Ibẹ̀ ni àlọ́ mi ti pa ìyẹ́ dé.