Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ẹní Bo Èéfín

"Èéfín nìwà, rírú ní í rú." Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà, àmọ́ ta ló mọ ilé ìdáná tó ti jáde wá?

Ìlú Ìgbó-Ìsun ni. Ìsun omi kan ṣoṣo tí wọ́n ń pọn níbẹ̀ ń gbẹ lọ, nítorí wọ́n ti gé igi etí rẹ̀ tán fún ìdáná. Èéfín igi tútù sì ti sọ ìlú di ilé ikọ́. Ni wọ́n bá ṣòfin: igi tútù ò gbọdọ̀ wọ ààrò mọ́. Igi tó wó fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n ṣà, kí wọ́n tò ó sórí àjà kó gbẹ, kí fèrèsé ilé ìdáná sì wà ní ṣíṣí. Láṣebìkan, Ọ̀tún Baálẹ̀, ló kéde òfin náà, ẹnu rẹ̀ sì ń ró bí agogo.

Òun kan náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ bẹ́ igi ayùnrẹ́ létí ìsun nígbà tí àlejò fẹ́ dé, tí igi orí àjà rẹ̀ ò sì tó yan ẹran. Ó tì í sínú ààrò, ó fi ẹní di fèrèsé. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ ló ń fẹ́ iná náà, pẹ̀lú ọmọ oṣù méjì lẹ́yìn, ọmọ tí wọ́n retí fún ọdún méje.

"Olówó orí mi, ọmọ yìí ń wúkọ́. Ẹ jẹ́ kí n ká ẹní yẹn."

"Fara dà á. Ohun tí ojú ò rí, ẹnu kì í ròyìn rẹ̀."

"Imú ń kọ́? Àbí ẹní yín á bo imú gbogbo ìlú?"

Láìpẹ́, ikọ́ ọmọ dákẹ́. Àyọ̀ká fọwọ́ kan àyà rẹ̀, ọmọ ò mí mọ́. Kò tún bẹ ẹnikẹ́ni. Ó fa ẹní ya, ó sáré jáde.

Gbogbo ìlú ló bá níta, ṣùgbọ́n òrùlé ni wọ́n ń wò. Ó yíjú. Èéfín tí kò rí fèrèsé ti gba ojú koríko òrùlé jáde, fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ń rú tirẹ̀, bí ẹni pé ilé náà ń mí. Lókè, gbogbo rẹ̀ para pọ̀ di ọ̀wọ̀n kan, funfun bíi lékèélékèé. Ó ga ju ọ̀pẹ lọ, ó ga ju òkè lọ, ojú ò tó ibi tó dé.

Ìyá Fátólú, arúgbó tó ń gbẹ̀bí, gba ọmọ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i nímú. Ọmọ sín, ó ké. Ìgbà náà ni Láṣebìkan jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ìlàjì ẹní wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Arúgbó nawọ́ sókè. "Láṣebìkan, ìwà rẹ nìyẹn. O fi ẹní bò ó, ó gba òrùlé."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀tún fúnra rẹ̀ ló lu fèrèsé kejì sí ilé ìdáná, ó sì gbin ayùnrẹ́ mẹ́wàá sétí ìsun.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá ń ṣe ibi ní kọ̀rọ̀, tó rò pé ayé ò ní mọ̀, àwọn àgbà á wò ó, wọ́n á ní: "Èéfín nìwà, rírú ní í rú." Ẹni tó bá sì rò pé òun ní ẹní tó lè bò ó, kó lọ bi òrùlé Láṣebìkan léèrè.